"Renovated" ni àbí "Reconstructed"? Ẹ gbà wá lórí ohun tí a ó kọ sára ògiri

Ọmọ_Ìsánlú · Ajé, 7:42 àárọ̀

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kó tó di ìjà gidi.

Àwa tí a jọ jáde nílé ẹ̀kọ́ girama kan lágbègbè wa ní 1998 dá owó jọ, a sì tún bílọ́ọ̀kù kan ṣe fún iléèwé náà. Kíláàsì mẹ́ta ni. Páànù tó ti dípẹtà la ṣí kúrò, a pààrọ̀ díẹ̀ lára igi òrùlé. Ògiri ìpẹ̀kun kan wà tó ti là láti òkè délẹ̀, a wó o, a fi búlọ́ọ̀kù gbé òmíràn dìde. A rẹ́ tinú tìta, a pààrọ̀ fèrèsé, a kùn ún. Ó dára lójú, a dúpẹ́.

Ó wá ku ohun tí a ó kọ sára ògiri. Alága wa tó wà ní Àbújá ní "Reconstructed by" ni kí a kọ. Akọ̀wé ní irọ́ ni, "Renovated by" ló yẹ. Akápò, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́jà, ní "Rehabilitated" ni wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì tiwọn. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi jà á lórí WhatsApp, ẹnìkan ti bínú jáde nínú gúrúùpù. Èmi ní kí a kúkú kọ ọ́ ní Yorùbá kí ìjà tán. Wọ́n ní ó dáa, kí ni Yorùbá rẹ̀? Mo ní "àtúnṣe". Alága ní àtúnṣe ni wọ́n ń ṣe fún kẹ̀kẹ́ tó jò. Mi ò rí nǹkan kan sọ mọ́.

Ẹ bá mi wò ó: kí ni "renovate" yìí túmọ̀ sí láti orísun rẹ̀, níbo ló ti wá? Kí la sì lè pè é lédè wa tí kò ní rán ẹni létí kẹ̀kẹ́ tó jò?

Àdìsá_Kábbà · 7:58 àárọ̀

Ẹ kọ "Ẹgbẹ́ 1998 ló ṣe é". Ó parí. Ẹ fi owó ọ̀dà tó ṣẹ́kù ra iṣu.

Tíṣà_Gẹ̀ẹ́sì · 8:20 àárọ̀

Ẹ kú ìdáwó o. Iṣẹ́ mi rèé, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí n tó wọ kíláàsì.

Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló bí "renovate". Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ló ti wá: *renovare*. Ẹ là á sí méjì. *Re-* ni "tún" tàbí "padà". *Novus* ni "tuntun". *Novus* yìí náà ló wà nínú "novel", ó wà nínú "innovation", ó wà nínú "novice" tí wọ́n ń pe ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé àwọn sísítà. Kí ohun tó ti gbó tún di ọ̀tun, òun ni *renovare*. Kò sí ilé nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá, kò sí ògiri, kò sí páànù. Nígbà tí "renovation" gba ọwọ́ Faransé wọ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 1400, àwọn oníwàásù wà lára àwọn tó ń lò ó, ọkàn ènìyàn tí Ẹ̀mí Mímọ́ sọ di ọ̀tun ni wọ́n ń fi í sọ. "Renovate" fúnra rẹ̀ dé lẹ́yìn, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún.

"Reconstruct" ní bàbá tirẹ̀ lọ́tọ̀. *Con-* ni "pọ̀", *struere* ni kí a máa to nǹkan léra. Ìdílé *struere* yìí náà ni "destroy" ti wá, torí pé títú ohun tí a tò ni. Ẹni tó ń kọ́lé àti ẹni tó ń wólé, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n nínú Látìnì! Ọ̀rọ̀ yìí kéré lọ́jọ́ orí sí ti àkọ́kọ́, ìdajì kejì ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Lójú mi, akọ̀wé yín ló jàre. Ẹ ò tò ó, ẹ sọ ọ́ di ọ̀tun ni.

Bíríkìlà_Mọ̀pà · 9:05 àárọ̀

Mi ò gbọ́ Látìnì, ṣùgbọ́n bí "to nǹkan léra" bá ni *struere*, a jẹ́ pé láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń sọ Látìnì láìmọ̀. Kí ni mò ń ṣe lójoojúmọ́ bí kò ṣe kí n máa to búlọ́ọ̀kù?

Ọmọ Ìsánlú, mo ní ìbéèrè. Ìpìlẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ hú u? Ògiri mẹ́ta tó kù ńkọ́, ṣé ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣì wà? Bí ìpìlẹ̀ bá wà, tí ògiri tó gbé òrùlé dúró sì wà, a kì í pè é ní "reconstruction" lẹ́nu iṣẹ́ wa. Renovéṣọ̀n ni. Reconstruction ni kí o wó o dé ilẹ̀, tàbí kó ti wó fúnra rẹ̀, kí o wá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Owó méjèèjì ò jọra, ìyẹn la ṣe ń bèèrè kí a tó gba iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má tan ara yín pé ohun kékeré ni renovéṣọ̀n. Oníbàárà á pè mí, á ní "renovéṣọ̀n lásán ni, bíríkìlà, kì í ṣe ilé tuntun", kó lè dín owó mi kù. Ẹ lọ wo ilé àwọn bàbá wa láti Kábbà títí dé Ẹgbẹ̀. Amọ̀ ni inú ògiri, simẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lóde. Simẹ́ńtì kì í sì í di amọ̀ mú. Òjò á rọ̀, oòrùn á ràn, amọ̀ á sún kì, simẹ́ńtì ò ní bá a sún. Lọ́jọ́ kan, odidi abala á ya, á bọ́ sílẹ̀ bí èèpo iṣu. Bí wọ́n bá pè mí sí irú ilé bẹ́ẹ̀, màá kọ́kọ́ ha gbogbo èyí tó ti ṣí kúrò, màá kan nẹ́ẹ̀tì onírin mọ́ ògiri, màá da omi sí i, kí n tó fi ọwọ́ kan simẹ́ńtì. Ilé ìyá mi gan-an ni mo ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rẹ́ ẹ tó bọ́, tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ládùúgbò, kí n tó mọ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe níbẹ̀ le ju kí n kọ́ yàrá tuntun méjì lọ. Kí ni Látìnì ń pe ìyẹn?

Ọmọ_Ìsánlú · 9:31 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, a ò hú ìpìlẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo la wó. Mo ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, alága máa bínú.

Sẹ́mínárì_Tẹ́lẹ̀ · 10:47 àárọ̀

Mo ṣe sẹ́mínárì fún ọdún mẹ́ta kí n tó rí i pé ìyàwó wù mí, torí náà Látìnì díẹ̀ kù sí mi lágbárí.

Tíṣà ti sọ òótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Kátólíìkì ní Kábbà, ẹ rántí àdúrà sí Ẹ̀mí Mímọ́: *et renovabis faciem terrae*, ìwọ yóò sì sọ ojú ilẹ̀ di ọ̀tun. Inú Orin Dáfídì ló ti wá, 103 nínú Látìnì, 104 nínú Bíbélì Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè fún òrùlé páànù lónìí, ojú ayé lódindi ni wọ́n ń fi í sọ nígbà yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí Ọmọ Ìsánlú gbọ́ rèé. Ẹ ṣí Títù 3:5. Látìnì pe ohun kan ní *renovatio* níbẹ̀. Ẹ wá wo Bíbélì Yorùbá, iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther léwájú rẹ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Wọ́n pè é ní "ìsọdi titun". "Àtúnbí" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ẹsẹ kan náà, ìyẹn ti *regeneratio*. Ẹ wò bí wọ́n ṣe ya méjèèjì sọ́tọ̀: èyí tí a tún bí gba "tún", èyí tó di ọ̀tun gba "titun". Wọn kò kó wọn dà sínú "àtúnṣe" kan ṣoṣo. Yorùbá "renovation" ti wà lórí àga ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ yìí wá, àwa là ń wá a kiri lórí WhatsApp.

Ẹ sì má gbàgbé pé Crowther kì í ṣe àlejò ní ìpínlẹ̀ wa. Ó wà nínú ọkọ̀ tó gòkè odò Ọya ní 1841, ó sì padà wá ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Gbẹ̀bẹ̀ àti Lọ́kọ́jà.

Ẹ kọ "ìsọdi titun" sára ògiri yín.

Adérójú_B · 11:02 àárọ̀

Háà! Àbí ẹ ò rí i pé "tún" àti "tuntun" ọ̀rọ̀ kan náà ni? Tún, tun-tun! Àwọn Róòmù ní *re* lọ́tọ̀ àti *novus* lọ́tọ̀, àwa ní méjèèjì nínú ẹyọ kan. Yorùbá ju Látìnì lọ.

Olóhùn_Mẹ́ta · 11:40 àárọ̀

Àǹtí Adérójú, ó dùn gbọ́, ṣùgbọ́n ohùn kò gbà fún yín. "Tún" ohùn òkè ni, àwọn Babátúndé, Yétúndé àti Adétúnjí ló ni ín: ó tún dé, ó tún jí. "Tuntun", "titun" àti "ọ̀tun", ohùn àárín ni "tun" inú wọn. A kì í fi ojú jọ ojú sọ ara wa di mọ̀lẹ́bí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, igbá, ìgbà àti igba náà á jókòó pín ogún.

Kí n dá sí ti "àtúnṣe" tí alága fi kẹ̀kẹ́ bú. Kò jẹ̀bi pátápátá. "Tún ... ṣe" gbòòrò jù. Obìnrin tún ilé ṣe kí àlejò tó dé: ó gbálẹ̀ ni, kò ra simẹ́ńtì. Ìyàwó tún ara ṣe lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Olùkọ́ tún àṣìṣe ọmọ ṣe. Mẹkáníìkì tún ọkọ̀ ṣe. Dáfídì náà ní kí Ọlọ́run tún ọkàn dídúró ṣinṣin ṣe sínú òun. Tí ẹ bá kọ "àtúnṣe" sára ògiri, ẹni tó bá kà á lè rò pé ẹ wá gbálẹ̀ ni.

Ẹni tó bá wá fẹ́ "reconstruct", Bíbélì ti bá a ṣe é: àwọn tó ti ìgbèkùn bọ̀ nínú ìwé Ẹ́sírà, wọ́n lọ tún ilé Olúwa kọ́. Àtúnkọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Bí oníkíkọ yín kò bá fi àmì òkè sórí ọ yẹn, "àtúnkọ" ló kọ, ìyẹn ni pé ẹ kọ ìwé kan nígbà kejì. Bó bá tilẹ̀ fi àmì sí i, "kọ́" tó jẹ́ ti ilé àti "kọ́" tó jẹ́ ti ẹ̀kọ́, ohùn kan náà ni wọ́n ní. "Àtúnkọ́ kíláàsì mẹ́ta" lára ògiri iléèwé: àwọn òbí á ní ìdánwò ni gbogbo kíláàsì fìdí rẹmi, tí wọ́n wá kọ́ wọn ní àkọ́tún.

Àdìsá_Kábbà · 11:44 àárọ̀

😂😂 Àkọ́tún. Mo ti kú.

Awakọ̀_Òkè_Búnú · 1:15 ọ̀sán

Kí ẹ tó parí, ẹ bá mi la "rehabilitation" yìí yé mi. Láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀ ní agbègbè yìí, pátákó "Rehabilitation" tí mo ti kà pọ̀ ju ọ̀dà tí táyà mi ti tẹ̀ lọ. Wọ́n á gbé pátákó dúró, ihò á máa fẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan wà tí pátákó fúnra rẹ̀ ti wó, tó jẹ́ pé òun gan-an ló nílò rehabilitation. Àti pé ilé tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tó ń mu oògùn olóró lọ, "rehab" náà ni wọ́n ń pè é. Kí ló pa ọ̀nà pọ̀ mọ́ amugbó?

Tíṣà_Gẹ̀ẹ́sì · 2:30 ọ̀sán

Ìbéèrè yìí dára ju gbogbo èyí tí wọ́n bi mí ní kíláàsì lónìí lọ.

*Habilis* ni ohun tó rọ̀ lọ́wọ́, tó yẹ, tó ṣeé lò, "able" bá a tan. Nínú Látìnì àwọn àlùfáà àti adájọ́ ayé àtijọ́, *rehabilitare* ni kí a dá oyè tàbí ẹ̀tọ́ padà fún ẹni tí a ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìgbà tí wọ́n rọ baálẹ̀ lóyè, tí ọ̀rọ̀ wá yanjú, tí wọ́n tún fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn. Ènìyàn ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ ló ti ràn dé ọ̀dọ̀ aláìsàn àti ẹni tí oògùn mú, ó ràn dé ilé, ó sì wá gun títì. Nítorí náà amugbó ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i ju ọ̀nà lọ.

Ẹnjiníà_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì · 3:10 ọ̀sán

Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ náà, ó ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà. Kí a máa dí ihò kí omi má bàa wọlé, ìtọ́jú lásán ni, méńtánáǹsì. "Rehabilitation" ni kí ojú ọ̀nà wà níbi tó wà, kí a fi ìpele kan lé e tàbí kí a pààrọ̀ ibi tó ti bàjẹ́ kí agbára rẹ̀ lè padà. "Reconstruction" ni kí a hú u, kí a lọ bá a nísàlẹ̀, kí a tún ìpìlẹ̀ rẹ̀ tẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ọbájànà sí Kábbà tí Dangote fi kọ́ńkéré ṣe, ẹ mọ̀ pé wọn ò kàn da ọ̀dà lé èyí tó wà lórí. Ibi tí wàhálà wà ni pé àwọn kan ń kọ "rehabilitation" sórí pátákó, wọ́n ń gba owó "reconstruction", wọ́n sì ń ṣe méńtánáǹsì.

Awakọ̀_Òkè_Búnú · 3:13 ọ̀sán

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi èyí ṣe sítíkà sẹ́yìn bọ́ọ̀sì mi.

Bàbá_Ìyàrà · 5:52 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ọmọ, okun o. Ọmọọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Ọ̀rọ̀ R mẹ́ta ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ní January 1970 tí ogun abẹ́lé parí, Ọ̀gágun Gowon gbé R mẹ́ta kalẹ̀: Reconciliation, Rehabilitation, Reconstruction. A ń gbọ́ ọ lórí rédíò bí ẹni ń gbọ́ orin. Bó ṣe yé wa nígbà náà, ènìyàn ni "rehabilitation" wà fún, ọmọ ogun tó gé lẹ́sẹ̀, ẹni tí ogun lé kúrò nílé. "Reconstruction" ni ti afárá àti ilé, irú afárá Onitsha tí wọ́n fọ́ lójú ogun. A ò gbọ́ ọ rí nígbà náà pé títì ń gba rehabilitation. Tíṣà, ẹ ò purọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ rántí pé Kabba Province la wà tẹ́lẹ̀, abẹ́ Àríwá. 1967 la bọ́ sí èyí tó wá di Kwara, 1991 ni Kogi. Haúsá ni èdè báréẹ̀kì àti ti mọ́tò akẹ́rù nígbà tí mo dàgbà. Kí n tó gbọ́ "repair", "gyara" ni mo gbọ́. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, gyara ló ń ṣe. Àwọn ọlọ́jà Haúsá sì tún ń pe èènì tí wọ́n bù lé ọjà ní gyara, òun ni ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní "jára". Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó tún nǹkan ṣe, ó bù sí i ni.

Ẹ wá gbọ́ tilé. Ilé bàbá mi, wọn ò kọ́ ọ. Wọ́n mọ ọ́n ni. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń po amọ̀, wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Koríko ni wọ́n fi bò ó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí iṣẹ́ oko bá dín, a ó ké koríko tuntun. Àwọn ọkùnrin á gun orí ilé, àwọn obìnrin á máa rẹ́ ògiri àti ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní orúkọ kan. Bí o bá béèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe nílé lágbájá, wọ́n á ní "wọ́n ń bolé" tàbí "wọ́n ń rẹ́lé". Ohun tí ọwọ́ ń ṣe lẹnu ń pè. Ẹ̀yin ń jà lórí orúkọ nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì fi aṣọ ńlá kan bo iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́.

Bíríkìlà_Mọ̀pà · 6:10 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ ṣé. Ẹ̀yin lẹ dáhùn ìbéèrè tí mo bi Látìnì.

Ìyá_Oníbúkà · 7:20 alẹ́

Ọmọ mi ń ka gbogbo èyí sí mi létí, mò ń ro àmàlà. Ó ní "restore" náà wà. Ṣé òun náà ní bàbá?

Tíṣà_Gẹ̀ẹ́sì · 8:01 alẹ́

Ìyá, tiyín gan-an nìyẹn. *Restaurare* ni kí nǹkan padà sí bó ti wà. "Restaurant" inú ìdílé yẹn náà ni. Ní Parisi ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, "restaurant" ti kọ́kọ́ jẹ́ omi ẹran tí wọ́n sè dáadáa fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le, kí okun rẹ̀ lè padà. Nígbà tó yá ni orúkọ ọbẹ̀ bọ́ sára ilé tí wọ́n ti ń tà á. Àtúnṣe ènìyàn lẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́, kí ẹ fi kún owó ẹran.

Ìyá_Oníbúkà · 8:04 alẹ́

Mo ti fi kún un láàárọ̀.

Ọmọ_Okun_Kàdúná · 9:15 alẹ́

Tíṣà, ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Mo gba ìwé ìpè ìgbéyàwó kan láti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé lẹ́yìn ìsìn, àlejò yóò "repair to the hall". Ṣé gbọ̀ngàn náà ti bàjẹ́ ni?

Tíṣà_Gẹ̀ẹ́sì · 9:40 alẹ́

Rárá o, ẹ múra lọ jẹun. "Repair" méjì ló wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò bá ara wọn tan. Èyí tó jẹ́ ti mẹkáníìkì wá láti *reparare*: *parare* ni kí a pèsè nǹkan sílẹ̀, kí a múra rẹ̀. Èyí tó wà nínú ìwé ìpè yẹn wá láti *repatriare*, inú rẹ̀ ni *patria* wà, ilẹ̀ baba ẹni. Kí ẹni padà sílẹ̀ baba rẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ó wá di kí ènìyàn kàn forí lé ibì kan. Faransé ló fún Gẹ̀ẹ́sì ní méjèèjì, ojú ọ̀nà ni ìró wọn ti di ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kàdúná, tí ẹ ń wọ mọ́tò wálé ní December, "repair" kejì yẹn lẹ̀ ń ṣe.

Ọmọ_Okun_Kàdúná · 9:43 alẹ́

Ọ̀nà tí a ń gbà wálé ló nílò "repair" àkọ́kọ́.

Ọ̀rẹ́_Alága · Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo wà nínú ẹgbẹ́ yẹn náà, ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún alága tí ẹ ti ń fi ṣeré láti àná. Ọkùnrin yìí ló mú ìdá tó pọ̀ jù lọ nínú owó náà wá. Ohun tó ń wò ni pé ẹgbẹ́ 1997 kọ "Reconstructed by" sára bílọ́ọ̀kù tiwọn, tí wọn ò sì ṣe ju ọ̀dà àti ilẹ̀kùn méjì lọ. Bí a bá wá kọ "Renovated", ará ìlú á rò pé wọ́n ṣe jù wá lọ. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà á wò ó, wọ́n á dín owó kù. Kò sí Látìnì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìpolówó ni.

Bíríkìlà_Mọ̀pà · 6:48 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá rí "Reconstructed" á rò pé tuntun ni láti ìpìlẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ògiri mẹ́ta àtijọ́ yẹn bá là lọ́dún mẹ́ta sí i, kì í ṣe àwọn tó mọ ọ́n nígbà láéláé ni wọ́n máa bú. Ẹ̀yin àti bíríkìlà yín ni. Mo ti rí irú rẹ̀. Ti ẹgbẹ́ 1997, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ́ tiwọn.

Ọ̀rẹ́_Alága · 7:02 àárọ̀

Hmm. Ti bíbú yẹn, a ò rò ó débẹ̀.

Ọmọ_Ìsánlú · Ẹtì, 4:25 ìrọ̀lẹ́

Okun o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

A ṣe ìpàdé lórí fóònù lánàá. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Ìyàrà sí wọn létí. Akọ̀wé fẹ́ "ìsọdi titun" tí Sẹ́mínárì mú wá, ṣùgbọ́n ẹnìkan ní ó dà bíi pé a sọ iléèwé di ṣọ́ọ̀ṣì, mùsùlùmí sì wà nínú wa. Níkẹyìn a ní kí a kúkú sọ ohun tí a ṣe. Ohun tó máa wà lára ògiri rèé:

A TÚN UN BÒ, A TÚN UN RẸ́, A KÙN ÚN. ÒGIRI KAN LA TÚN KỌ́. ẸGBẸ́ 1998.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé alága ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ó ní ó gùn ju ti ẹgbẹ́ 1997 lọ, ẹni tó bá ń kọjá lọ á mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀. Akápò nìkan ni kò dunnú, ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò owó.

Wàhálà tuntun ti dé ṣá. Oníkíkọ ní lẹ́tà ni òun dá owó lé, òun ò bá wa sọ̀rọ̀ àmì. Ó ti jókòó ka àmì òkè àti tìsàlẹ̀, ó ní mẹ́rìnlá ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀. Mo ní kó yọ àmì kúrò, Olóhùn Mẹ́ta sì ti pè mí lórí fóònù pé bí a bá yọ ọ́ lórí KỌ́, òun máa wá fi èédú kọ ọ́ sí i fúnra òun.

Àdìsá_Kábbà · 4:31 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ka ti èyí tí mo sọ fún yín láàárọ̀ Ajé. "Ẹgbẹ́ 1998 ló ṣe é": àmì mẹ́fà péré. Iṣu náà ńkọ́?